Ẹnu Ọmọdé Lórí Bájì: Ohun Tí A Kọ́ Lórí Odò Warri

 Ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò ti máa wá ibi tí ẹ ó ti ṣe iṣẹ́ ìdánrawò, èyí tí gbogbo wa ń pè ní I.T. Bí a sì ti wà ní Warri yìí, kì í pẹ́ kí wọ́n tó rán àwọn kan nínú wa lọ sórí omi. Àwa mẹ́ta tí a kọ àpilẹ̀kọ yìí lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ọkọ̀ kan tó ń ti bájì láti Warri lọ sí ìhà Burutu. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni a fẹ́ fi ṣe ẹ̀kọ́ fún ara wa.

Gbogbo wa la mọ òwe àwọn àgbà pé ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. A kò wá bá òwe yìí jà. Ṣùgbọ́n a dé ibi tí àgbà jókòó sí tí kò rí ohun tó wà níwájú rẹ̀, tó jẹ́ pé ọmọdé tó dúró síwájú ní nǹkan bí 60 mítà ló ń bá a rí i. Báwo ni irú ọmọdé bẹ́ẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀? Ìbéèrè yìí dà bí eré, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹsẹ̀ ènìyàn kan lójú wa.

Kí ni Bájì?

Bájì kì í ṣe ọkọ̀ bí ọkọ̀ tí a mọ̀. Ẹ fojú inú wo àpótí irin ńlá kan tó tẹ́jú lókè, tí inú rẹ̀ sì pín sí yàrá yàrá tó ṣófo. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú àwọn yàrá náà ni kì í jẹ́ kó rì. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ẹ́ńjìnnì, wọn kò sì ní ìtọ́kọ̀. Ọkọ̀ kékeré alágbára tí wọ́n ń pè ní tọ́ọ̀gì ló ń fà wọ́n tàbí kó máa tì wọ́n. Bó bá ń fà, okùn gígùn ló wà láàárín wọn. Bó bá ń tì, wáyà irin ni wọ́n fi ń dì wọ́n mọ́ra pinpin títí àwọn méjèèjì yóò fi máa rìn bí ọ̀kan. Títì ni tiwa.

Òkúta wẹ́wẹ́ ni a rù. Òkìtì rẹ̀ ga ju ènìyàn lọ, ẹni tó sì ń tukọ̀ wà lẹ́yìn pátápátá nínú yàrá ìtukọ̀. Bí ìyá ẹlẹ́ja kan bá fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ kékeré rẹ̀ kọjá níwájú bájì, ọ̀gá ọkọ̀ kò lè rí i, bó ti wù kí ojú rẹ̀ mú tó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń fi ẹnìkan sí iwájú bájì pẹ̀lú wokitókì. Ẹni tí wọ́n sì sábà máa ń fi síbẹ̀ ni ẹni tó kéré jù, nítorí pé oòrùn àti òjò ibẹ̀ kò ṣe é fara dà, àwọn àgbà kì í fẹ́ dúró síbẹ̀.

Ohun kejì tó yẹ kí a mọ̀ ni pé bájì kì í tètè dúró. Mọ́tò ní búrẹ́ẹ̀kì. Bájì tó ru ẹrù kò ní. Kódà bí ọ̀gá ọkọ̀ bá yí ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn, ẹrù náà yóò ṣì máa rìn lọ síwájú fún ìgbà díẹ̀, pàápàá tí omi bá ń fà. Bí a bá gba odò, Warri jìnnà sí Forcados létí òkun tó kìlómítà 48, síbẹ̀ omi òkun ń kún dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì ń fà padà, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Nítorí náà ìkìlọ̀ tó bá pẹ́ ìṣẹ́jú kan, ó ti di ìròyìn.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun ní agbègbè yìí o. Kí ọ̀nà ọ̀dà tó pọ̀, odò ni ọ̀nà. Ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company, tí ọba Gẹ̀ẹ́sì fún ní ìwé àṣẹ ní 1886, ló sọ Burutu di èbúté. UAC tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1929 sì jogún rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ àti bájì ti ń gba odò Ọya lọ sí Onitsha, Lokoja àti Baro, tí àwọn mìíràn ń gba odò Benue títí dé Garoua ní Cameroon. Ní September 2009, Ààrẹ Yar'Adua ṣí iṣẹ́ gbígbẹ́ ìsàlẹ̀ odò náà fún kìlómítà 572, láti Warri títí dé Baro. Ẹ lè fi ojú ara yín wo bí iṣẹ́ náà ti yọrí sí. Tiwa ni pé bájì ṣì ń rìn lọ sí Burutu lójoojúmọ́.

Ojúmọ́ Kan Nínú Ọkọ̀

Ènìyàn mẹ́sàn-án la bá nínú ọkọ̀. Ọmọ Ijaw ni ọ̀gá ọkọ̀, ọmọ Itsekiri ni igbákejì rẹ̀, Urhobo ni ẹnjiníà méjèèjì àti kúùkù. Bósùn, ìyẹn olórí àwọn òṣìṣẹ́ orí ọkọ̀, jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ, ó sì ti lé ní 60 ọdún. Inú wa dùn gan-an nígbà tí a gbọ́ ẹnu rẹ̀. Láti ọjọ́ náà la ti ń pè é ní Bàbá, tí a ń dọ̀bálẹ̀ fún un láàárọ̀ láàárín okùn àti girísì. Èdè Warri tí gbogbo ayé mọ̀, Pidgin, ni gbogbo wọn fi ń ṣiṣẹ́.

Wákàtí mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n pín iṣẹ́ sí: láti aago mẹ́fà sí aago méjìlá, tọ̀sán tòru. Ẹni tó bá ń kúrò kò gbọdọ̀ kàn fi ibẹ̀ sílẹ̀. Yóò sọ fún ẹni tó ń bọ̀ ibi tí ọkọ̀ dé, bí omi ti ń lọ, ohun tó bàjẹ́ àti ohun tó ṣẹ́kù. Ẹni tó ń bọ̀ yóò tún gbogbo rẹ̀ sọ fún un létí. Bí kò bá rí i tún sọ, ẹni àkọ́kọ́ kò ní lọ sùn. Lákọ̀ọ́kọ́, a rò pé àpọ̀jù ni èyí. Ó di òru ọjọ́ kẹta kí ọ̀kan nínú wa tó wí pé "mo ti gbọ́" nígbà tí oorun ṣì wà lójú rẹ̀, tí ẹnjiníà sì bi í pé kí ló gbọ́. Kò lè sọ ọ́.

Láàárín wákàtí mẹ́fà náà, a ń gbá òkúta kúrò lójú ọ̀nà kí ẹsẹ̀ má bàa yọ̀, a ń fi girísì ra wíǹṣì, a sì ń ti ọ̀pá bọ ihò yàrá kọ̀ọ̀kan nínú bájì láti mọ̀ bóyá omi ti ń wọlé. Oúnjẹ ni ìgbádùn wa. Sítáàṣì àti ọbẹ̀ ẹyìn ni kúùkù mọ̀ jù. Ọ̀kan nínú wa tó ṣe ìlérí pé òun kò ní jẹ nǹkan kan àyàfi àmàlà kò lò ju ọjọ́ méjì lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè fún èkejì.

Oorun ni ìṣòro. Ìlànà àgbáyé lórí iṣẹ́ àwọn atukọ̀, tí wọ́n ń pè ní STCW, sọ pé ó kéré tán, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ sinmi fún wákàtí 10 nínú 24, àti 77 nínú ọjọ́ méje, kí ọ̀kan nínú àkókò ìsinmi náà sì tó wákàtí mẹ́fà gbáko. Lórí ìwé, wákàtí mẹ́fà mẹ́fà bá èyí mu. Ṣùgbọ́n ẹ yọ àkókò oúnjẹ kúrò nínú rẹ̀, ẹ yọ wíwẹ̀ àti aṣọ fífọ̀, ẹ wá fi ariwo ẹ́ńjìnnì tó wà lábẹ́ ibùsùn kún un. Lójú tiwa, ẹni tó ṣe ìṣirò náà kò sùn sórí tọ́ọ̀gì rí. A sọ èyí nítorí pé ẹni tí oorun ń kùn ni yóò gbọ́ ohun tí ẹ kò sọ.

Okùn Tó Já

Ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kẹsàn-án, nígbà tí a ń sún mọ́ èbúté. Wọ́n ti wé okùn mọ́ òpó irin kúkúrú tó wà lórí bájì, okùn náà sì ti le dandan. Ọ̀kan nínú wa rí i pé fọ́nrán mẹ́ta ti já níbi tó ti ń ha irin. Bàbá bósùn dúró ní ọwọ́ òsì, ó ń fi ọwọ́ júwe fún ọ̀gá ọkọ̀. Ọmọ Ijaw kan tó ń ràn án lọ́wọ́ dúró tààrà níbi tí okùn náà kọjú sí.

Kí ni ẹnìkejì wa ṣe? Ó rìn lọ bá Bàbá. Ó tẹrí ba. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o, kì í ṣe pé mo fẹ́ dí yín lọ́wọ́..." Ibi tó bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí okùn fi já. Ó dún bí ìbọn. Ó fẹ́ kọjá níbi tí ọmọ Ijaw náà dúró sí, ó sì fọ́ kẹ́ẹ̀gì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ túútúú. Ọmọ náà ti gbé ẹsẹ̀ méjì kúrò láti lọ mú nǹkan. Kò sí ohun mìíràn tó gbà á. Ẹni tí kò bá tíì rí okùn tó já rí lè má mọ̀ pé bí okùn bá le tó bẹ́ẹ̀, tó sì já, ó máa ń padà sẹ́yìn pẹ̀lú gbogbo agbára tí wọ́n fi fà á. Ó lè gé ẹsẹ̀. Ó ti pa ènìyàn nínú iṣẹ́ yìí lọ́pọ̀ ìgbà.

Ọ̀gá ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó béèrè pé, "Who see am first?" Ilẹ̀ pa rọ́rọ́. Nígbà tí ẹnìkejì wa jẹ́wọ́, ọ̀gá wò ó títí, ó ní, "You see am, you no talk?" Ó ní òun sọ̀rọ̀. Lóòótọ́ ló sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n okùn kò sí nínú ohun tó sọ.

Bàbá kò bá a wí lójú gbogbo ènìyàn. Alẹ́ ló pe àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó. Ó ní, "Ta ló kọ́ yín pé kí ẹ máa tọrọ àforíjì kí ẹ tó gba ènìyàn là? Ẹ kígbe ná. Bí gbogbo wa bá wà láàyè, ẹ ó wá dọ̀bálẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́."

Ohun tí a wá fọkàn sí lẹ́yìn náà ni pé àwọn ọmọdé yòókù nínú ọkọ̀ kò ní ìṣòro yìí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún yóò pariwo pé "Cap, hold am!" sí ọ̀gá tó bí i lọ́mọ, ọ̀gá yóò sì dúró. Bó bá jẹ́ ẹnìkan ni a ń bá sọ̀rọ̀, Pidgin kò ní ìwọ àti ẹ̀yin ọ̀wọ̀ tó yàtọ̀ síra. "You" ni fún ọmọdé àti àgbà. Ṣé èdè wa ló wá fa ewu náà ni? A jiyàn lórí èyí fún ọjọ́ méjì, ibi tí a sì fìdí kalẹ̀ sí ni pé kì í ṣe èdè. "Dúró!" ni a ń sọ fún ẹgbẹ́ wa, "Ẹ dúró!" sì ni fún àgbà. Lẹ́tà kan péré ni ọ̀wọ̀ náà, kò sì gba àkókò kankan. Ohun tó gba àkókò ni àlàyé àti ẹ̀bẹ̀ tí a ń kó síwájú ọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń lọ bá ọba ní ààfin.

Bàbá kọ́ wa bí a ó ti máa sọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ pe ẹni náà, kó mọ̀ pé òun ni. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí. Ẹ sọ ohun tó yẹ kó ṣe. "Bàbá! Okùn ń já! Ẹ kúrò!" Ó parí. Ẹni tó gbọ́ náà gbọ́dọ̀ dáhùn nípa títún un sọ, kì í ṣe "ó dáa". Bí wọ́n bá ní kí ẹ tú okùn iwájú, ẹ ó dáhùn pé "Tú okùn iwájú", nígbà tí ẹ bá sì ti tú u tán, ẹ ó pè padà pé "Okùn iwájú ti kúrò". Ọ̀rọ̀ kan, ìgbà mẹ́ta.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè yóò gbádùn ìyókù. Ariwo ẹ́ńjìnnì máa ń pa ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ rẹ́, nínú wokitókì sì ni o àti ọ ti ń di ọ̀kan náà. "So ó" àti "Sọ ọ́": ọ̀kan ní kí ẹ di okùn mọ́ òpó, èkejì ní kí ẹ jù ú sọnù! Ìdí nìyí tí Bàbá kò fi ń lo èyíkéyìí nínú méjèèjì lórí omi. "Dè é" ló ń sọ, tàbí "Jù ú". Kò sí olùkọ́ tó kọ́ ọ ní èyí. Ó ní ìgbà tí òun ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ẹnìkan ju okùn tí wọ́n ní kó so.

Ibi Tí Ẹ̀kọ́ Yìí Ti Tàn

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Yorùbá nìkan ni ọ̀wọ̀ ń dí lẹ́nu. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1977, ọkọ̀ òfúrufú Boeing 747 méjì kọlu ara wọn lórí ilẹ̀ nínú kùrukùru ní erékùṣù Tenerife, ènìyàn 583 sì kú. Èyí tó jẹ́ ti KLM ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láti gbéra. Ẹnjiníà inú rẹ̀ béèrè bóyá ọkọ̀ kejì kò tíì kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá awakọ̀, àgbà nínú iṣẹ́ náà tó tún ń kọ́ àwọn awakọ̀ mìíràn, dáhùn pé ó ti kúrò. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Òyìnbó ni gbogbo wọn, ará Holland tí kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn èyí àti àwọn ìjàǹbá mìíràn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn awakọ̀ òfúrufú bí ẹni tó kéré ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bí ọ̀gá ṣe ń gbọ́. NASA ṣe ìpàdé lé e lórí ní 1979. Àwọn atukọ̀ ojú omi náà mú un. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí STCW ní Manila ní 2010, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2012, sọ ọ́ di dandan fún àwọn ọ̀gá ọkọ̀ òkun láti kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣàkóso àti ìfọwọ́sowọ́pọ̀. Ní Nàìjíríà, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn atukọ̀ wà ní Oron, Yunifásítì Maritime sì wà ní Okerenkoko nítòsí wa níbí. Ṣùgbọ́n lórí odò, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ bájì kò tí ì dé yàrá ẹ̀kọ́ kankan. Ẹnu bósùn ni yunifásítì wọn.

Má Ṣe Wọ Inú Rẹ̀

A ti sọ pé inú bájì pín sí yàrá tó ṣófo. Àwọn yàrá náà ń pani. Irin tó ń dógùn-ún máa ń jẹ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́. Bí yàrá irin bá wà ní títì fún oṣù mélòó kan, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, tó yẹ kí ọ́síjìn rẹ̀ jẹ́ ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún, lè dín débi tí ènìyàn yóò fi dákú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ yóò wọlé láti wo ibi tí omi ti ń jò, yóò ṣubú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò bẹ́ wọlé láti gbé e. Òun náà yóò ṣubú. Nínú irú ìjàǹbá báyìí, àwọn tó wá gbani là máa ń pọ̀ nínú òkú.

Láti January 2015 ni òfin àgbáyé ti ní kí ọkọ̀ òkun máa dánra wò fún èyí ní oṣù méjì méjì. Òfin náà kò dé orí bájì odò, ṣùgbọ́n ọ̀gá ọkọ̀ wa ń ṣe é. Wọ́n gbé àpò òkúta kan sí ìsàlẹ̀ yàrá, wọ́n ní ènìyàn ni. Wọ́n fi ọ̀kan nínú wa sí ẹnu ihò pé kó pe ìrànlọ́wọ́, kó máa wo àpò náà, kó má ṣe wọlé, kó má sì kúrò. Wọ́n fi í síbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú yàrá náà tán, tí wọ́n yẹ afẹ́fẹ́ rẹ̀ wò, tí wọ́n sì fi okùn fa àpò náà jáde, omi ti wà lójú rẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ pé ó le tó bẹ́ẹ̀ láti dúró lójú kan.

Ìlẹ̀kùn

Kúùkù ló sọ ìtàn tó kẹ́yìn yìí fún wa, ó sì ń yangàn bó ti ń sọ ọ́, nítorí pé kúùkù ẹgbẹ́ rẹ̀ ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2013, tọ́ọ̀gì Jascon-4 dojú dé nínú òkun ní nǹkan bí kìlómítà 30 sí Escravos. Ènìyàn 12 ló wà nínú rẹ̀. Harrison Okene, kúùkù ọkọ̀, wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà náà. Ọkọ̀ rì dé ìsàlẹ̀ ní nǹkan bí 30 mítà, Okene sì wà nínú òkùnkùn, níbi tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ há mọ́, fún nǹkan bí 60 wákàtí. Àwọn òmùwẹ̀ tó wá kó òkú ló rí ọwọ́ kan nínú omi, tí ọwọ́ náà sì dì wọ́n mú. Òun nìkan ló yè. Lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ òmùwẹ̀.

Èyí tó mú wa lọ́kàn ni pé àwọn yòókù ti ti ìlẹ̀kùn yàrá wọn pa nítorí àwọn ọlọ́ṣà ojú omi. Bí wọ́n ti ń ṣe nínú ọkọ̀ tiwa náà nìyẹn. Bí kúùkù ti sọ̀rọ̀ tán, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí oúnjẹ. Àwọn àgbà ní ẹni tí ọlọ́ṣà kò bá tíì ká mọ́ rí ló ń ṣí ìlẹ̀kùn sùn. Ẹnjiníà kékeré, tó kéré jù lẹ́yìn àwa, ló béèrè pé: bí ọkọ̀ bá dojú dé lóru, ta ló mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ òun wà? Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá ọkọ̀ jẹun títí kò sọ̀rọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ló pàṣẹ pé ìlẹ̀kùn ìta nìkan ni kí wọ́n máa tì, kí ẹnìkan sì máa ṣọ́ ọ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Kí yàrá kọ̀ọ̀kan wà láìtì. Àwa kò mọ̀ bóyá àṣẹ náà yóò pẹ́, nítorí pé àwọn méjì ṣì ń ti tiwọn ní ìkọ̀kọ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n bá rán lọ sórí omi, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ àkọ́kọ́ kọjá kí ẹ tó béèrè ibi tí láìfù jákẹ́ẹ̀tì yín wà, ibi tí ẹ ó sá sí bí agogo bá dún, ẹni tí ẹ ó jí lóru, àti ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́. Bí ẹnìkan bá já sómi, ẹ pariwo, ẹ ju ohun tó ń léfòó sí i, kí ẹnìkan sì máa nàka sí i láìgbé ojú kúrò lára rẹ̀. Iṣẹ́ ẹni náà kò ju ìyẹn lọ.

Ní òwúrọ̀ tí a ń padà bọ̀, omi ń kún, kùrukùru díẹ̀ sì wà. Ẹnìkejì wa, ẹni tí okùn já lójú rẹ̀, ló wà níwájú bájì. Bàbá ló di ìtọ́kọ̀ mú fún ìgbà díẹ̀, ọ̀gá ọkọ̀ dúró tì í. Ọkọ̀ kékeré kan yọ láti inú igbó ẹ̀gbà ní ọwọ́ ọ̀tún, ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. A gbọ́ ohùn nínú wokitókì: "Bàbá! Ọkọ̀ kékeré lọ́wọ́ ọ̀tún! Ẹ dá a padà sẹ́yìn!" Bàbá tún un sọ lọ́rọ̀ kan sí èkejì, ẹ́ńjìnnì sì yí ohùn padà. Ìyá náà kọjá, ó ń bú wa ní èdè tí a kò gbọ́. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn náà kí wokitókì tó tún sọ̀rọ̀: "Bàbá, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, n kò tíì kí yín láti òwúrọ̀."